Bí A Ṣe Ń Ṣe Pọ́díkáàsì Nípa Igi Ìdáná, Oko àti Ilé

Ní Bassila àti ní Manigri, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ní tẹlifóònù lọ́wọ́ lónìí. A fi ń pe ọmọ wa tó wà ní Parakou tàbí ní Cotonou. A fi ń gbọ́ orin. A fi ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. Ẹ̀rọ kékeré yìí kan náà lè gba ọ̀rọ̀ ìyá kan tó mọ bí a ṣe ń mọ ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀, kí ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé Pénéssoulou àti Alédjo, dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí ìyá náà kò mọ̀ rí. Ẹ̀kọ́ yìí yóò fi hàn yín bí ẹgbẹ́ yín ṣe lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni pọ́díkáàsì?

Pọ́díkáàsì ni ètò ohùn tí a gbà sílẹ̀, tí a ń gbé jáde ní apá kìn-ín-ní, apá kejì, apá kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lè gbà á sínú tẹlifóònù rẹ̀, kí ó gbọ́ ọ nígbà tó bá wù ú. Orúkọ náà kò tíì pẹ́. Akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Ben Hammersley, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 2004.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín òun àti rédíò? Bí rédíò bá sọ̀rọ̀ nípa iṣu ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ẹ kò sì sí nílé, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lọ. Pọ́díkáàsì kì í kọjá. Ẹ lè dá a dúró. Ẹ lè dá a padà sẹ́yìn, kí ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ lè fi fún aládùúgbò yín.

Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ níbi ìpàdé lábẹ́ igi, ẹlòmíràn yóò dìde, yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ ń rìn láìsí wa níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Djougou kò mọ̀ wá, kò sì lè bi wá léèrè. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn inú tẹlifóònù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ó bá fọ́ tán, ó ṣì ń rìn kiri. Ìdí nìyí tí apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ìmúrasílẹ̀. Gbígba ohùn fúnra rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ.

Ta ni yóò gbọ́ ọ?

Ní ọdún 1975, ará Kánádà kan tó ń ṣe ètò àgbẹ̀ lórí rédíò, George Atkins, bá àwọn oníṣẹ́ rédíò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ pàdé ní Zambia. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń bá àwọn àgbẹ̀ ìlú wọn sọ. Ọ̀kan nínú wọn, ará Sierra Leone, dáhùn pé ètò tí òun ṣe kẹ́yìn dá lórí bí a ṣe ń tọ́jú bùjí ẹ̀ńjìnnì katakata. Atkins tún bi í pé: nínú àwọn tó ń gbọ́ yín, àwọn mélòó ló ní katakata? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń ro oko. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Atkins. Ní ọdún 1979, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ tó wúlò fún àgbẹ̀ kékeré ránṣẹ́ sí àwọn rédíò. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Farm Radio International ni orúkọ rẹ̀.

Bùjí katakata ṣì pọ̀ káàkiri. Bí a bá ṣe ètò tó ń kìlọ̀ fún ará Manigri pé kó má fi omi ṣòfò nígbà tó bá ń wẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé garawa 1 láti ìdí pọ́ńpù ni ènìyàn 3 fi ń wẹ̀, bùjí katakata ni. Bí a bá ní kí ìyá tó ń ta èèsún iṣu lọ ra ààrò gáàsì tí owó rẹ̀ tó èrè oṣù méjì, bùjí katakata ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ronú kan ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀. Kì í ṣe «àwọn ará abúlé». Ẹnì kan. Bóyá obìnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó bí ọmọ 4, tó ń ṣe èlùbọ́ tà. Ìgbà wo ló ń ráyè? Ta ló ni tẹlifóònù tí yóò fi gbọ́ ọ: òun ni, àbí ọkọ rẹ̀? Ṣé tẹlifóònù náà ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, àbí kékeré olóríbọ́tìnì tó ń gba kádì orin nìkan ni? Bí ẹ bá ti lè dáhùn ìwọ̀nyí, ẹ ti mọ bí ètò yín yóò ṣe gùn tó, ẹ sì ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èdè ńkọ́? Ní Manigri, Nago ni à ń sọ. Ní Bassila, Anii ni èdè àwọn onílùú. Lókpa, Kotokoli àti Fúlàní náà wà láàárín wa. Ẹ má gbìyànjú láti fi èdè mẹ́ta sínú ètò kan. Yóò gùn, yóò sì sú gbogbo wọn. Ẹ ṣe é tán ní èdè kan, kí ẹgbẹ́ mìíràn tó gbọ́ èdè kejì tún un ṣe pẹ̀lú ohùn àwọn ènìyàn tiwọn. Ó sàn bẹ́ẹ̀ ju ògbufọ̀ lọ, nítorí ènìyàn a máa fetí sí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bí ará ilé rẹ̀.

Àwa tí a fi Faransé kàwé ní kọ́léèjì, ahọ́n wa yá láti sọ «développement durable». Ẹ sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan ní ìdí ààrò, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ náà kò le: kí a jẹ lónìí, kí ó sì kù fún ọmọ wa lọ́la. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò lè sọ ní èdè yín láìmú Faransé wọ inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì yé ẹ̀yin fúnra yín.

Èwo nínú ìṣòro wa?

Ìṣòro kò wọ́n wa. Iṣu laboko tí gbogbo ọjà ń fẹ́, ilẹ̀ tuntun ló máa ń bèèrè. Ọdọọdún ni a ń gé igi láti wá ilẹ̀ tuntun fún un. Èédú tún wà pẹ̀lú. Ẹni tó bá gba títì Savalou sí Djougou kọjá yóò rí àpò èédú tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kó o lọ sí ìlú ńlá. Iná ń jó pápá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rá ń dí gọ́tà, ẹran ọ̀sìn sì ń jẹ ẹ́ kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Bẹ̀nẹ̀ ti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti dẹ́kun ọ̀rá tí kì í jẹrà.

A kò lè sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò kan, ọ̀rọ̀ kan. Kí ẹ lè mọ èwo ni kí ẹ mú, ẹ lọ sí ilé 10. Ẹ má lọ pẹ̀lú ìdáhùn. Ẹ béèrè pé: «Kí ló ń na yín lówó tàbí lágbára jù nínú ilé yìí báyìí?» Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé ṣe sọ ọ́, láìtún un ṣe. Ẹ ó rí i pé wọn kì í sọ pé «igbó ń tán». Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: «Láyé ìyá mi, ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣẹ́gi. Nísinsìnyí, mo ń lọ láàárọ̀, mo ń bọ̀ ní ọ̀sán.» Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí ètò yín fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ìbéèrè tí olùgbọ́ lè ṣe nǹkan sí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. «Kí ló dé tí ayé fi ń gbóná sí i?» jẹ́ ìbéèrè gidi, ṣùgbọ́n ìyá eléèlùbọ́ kò lè yí i padà kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé. «Báwo ni mo ṣe lè fi igi díẹ̀ se ẹ̀wà?» Èyí ṣeé ṣe.

Àkókò tún ṣe pàtàkì. Ètò nípa iná pápá tó jáde ní oṣù Kẹta kò wúlò; gbogbo rẹ̀ ti jó tán. Oṣù Kẹwàá ni kí ó jáde, kí koríko tó gbẹ pátápátá, nígbà tí a ṣì lè sọ̀rọ̀ nípa iná kùtùkùtù, èyí tí kì í jó dé orí igi. Ọ̀rọ̀ nípa iṣu kokoro, tó lè fara da ilẹ̀ tó ti rẹ̀ ju laboko lọ, tí a sì ń gbẹ fún èlùbọ́, kí ó jáde kí a tó kọ ebè, kí àgbẹ̀ lè ronú sí i nígbà tí ọkọ́ ṣì wà lára ògiri.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sọ ọ́

Ẹ jẹ́ kí a mú igi ìdáná. Gbogbo wa ti gbọ́ pé ààrò amọ̀ dára ju òkúta mẹ́ta lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Lórí òkúta mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ń gbé ooru lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ààrò tí a mọ yí ìkòkò ká, tó ní ẹnu kan ṣoṣo fún igi, ń dá ooru dúró sí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó fi dára jù ú lọ? Nínú ilé yín, pẹ̀lú igi yín, pẹ̀lú ẹ̀wà yín?

Ẹ má sọ iye tí ẹ kà nínú ìwé. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ yá ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn káṣù. Fún ọjọ́ 3, kí ìyá kan se ẹ̀wà orí òkúta mẹ́ta: ìwọ̀n ẹ̀wà kan náà, ìkòkò kan náà, omi kan náà. Ẹ wọn igi kí ó tó dáná, ẹ sì wọn èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Fún ọjọ́ 3 mìíràn, kí ó se é lórí ààrò amọ̀, pẹ̀lú irú igi kan náà tó gbẹ bákan náà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá kéré, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ sì wá ìdí rẹ̀: bóyá ẹnu ààrò ti gbòòrò jù, bóyá igi tutù, bóyá ìkòkò kò ní ìdérí. Àwọn olùgbọ́ yín ní ààrò nílé. Bí ẹ bá bù mọ́ ọn, wọn yóò mọ̀ láàárín ọjọ́ kan, wọn kò sì ní fetí sí apá kejì.

Èéfín tún wà níbẹ̀, ìyẹn sì kan ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ló kú kárí ayé nítorí èéfín inú ilé, èyí tí ìdáná pẹ̀lú igi, èédú àti irú wọn ń fà. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn wọn ló ń fa á símú jù. Bí ẹ bá fẹ́ sọ èyí nínú ètò yín, kí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn sọ ọ́, kí ó sì sọ ohun tó ń rí láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá.

Ṣé ó pọn dandan kí a yẹ ọ̀rọ̀ wò tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ààrò lásán? Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìwà kan náà ni ẹ ó mú lọ sórí ọ̀rọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí endosulfan. Ní àsìkò òwú ọdún 1999 sí 2000, a pín oògùn apakòkòrò yìí fún àwọn àgbẹ̀ òwú. Ní Borgou nìkan, ìròyìn ìjọba sọ pé ó kéré tán ènìyàn 37 ló kú. Oògùn òwú bọ́ sínú oúnjẹ. Àwọn kan fi í sí ohun ọ̀gbìn tí a ń jẹ. Àwọn kan tọ́jú rẹ̀ sínú ilé tí wọ́n ń sùn. Agolo rẹ̀ tó ṣófo di ohun èlò ilé. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi endosulfan sára àwọn oògùn tí wọ́n fẹ́ mú kúrò pátápátá lábẹ́ Àdéhùn Stockholm. Àwọn oògùn mìíràn ṣì wà lọ́jà wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé tí a lè kà lára. Ẹ fojú inú wo ohùn kan tó ń rìn láti tẹlifóònù dé tẹlifóònù, tó ń sọ pé kí a fi oògùn òwú díẹ̀ sí ẹ̀wà kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Ta ni yóò lè pè é padà?

Nítorí náà, kí gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nínú ètò yín kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Èkíní ni ẹni tó ti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń ṣe é títí di òní. Èkejì ni ẹni tó ṣe é, tó sì fi í sílẹ̀. Ẹ má fo ẹni yìí. Òun ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ: òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, nọ́ọ̀sì, tàbí òṣìṣẹ́ igbó. Ní agbègbè wa, àwọn àgbà kan ṣì wà tó bá iṣẹ́ àtúnṣe igbó Bassila ṣe, èyí tí Jámánì ràn lọ́wọ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PRRF. Ẹ wá wọn lọ. Wọ́n mọ ohun tó dúró nínú iṣẹ́ náà àti ohun tí kò dúró. Ní ti oògùn oko, bí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kò bá tíì gbọ́ ètò yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbọdọ̀ jáde.

Bí a ṣe ń bi ènìyàn ní ìbéèrè

Ìbéèrè tí «bẹ́ẹ̀ ni» ti tó fún ìdáhùn rẹ̀ kò wúlò. Bí ẹ bá béèrè pé: «Ìyá, ṣé ààrò yìí dára?», ìyá yóò ní ó dára, nítorí ó mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, àti nítorí pé àlejò ni yín. Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

— Ìyá, ẹ kú ìdáná o.
— Ẹ kú àbọ̀, ọmọ mi.
— Ìgbà wo lẹ mọ ààrò yìí?
— Ìgbà ọyẹ́ ni. Ṣùgbọ́n eléyìí kọ́ ni àkọ́kọ́.
— Kí ló ṣe àkọ́kọ́?
— Ó sán. Amọ̀ lásán ni mo fi mọ ọ́n, mo sì dáná sí i ní ọjọ́ kẹta. Ó sán láti òkè dé ilẹ̀.
— Báwo lẹ ṣe wá mọ èyí?
— Mo gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, mo pò ó mọ́ amọ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù. Mo jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé mò ń tọ́jú ọmọ tuntun ni.

Ẹ rí i? Olùbéèrè kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. «Kí ló ṣe é?» «Báwo?» «Lẹ́yìn náà ńkọ́?» Ó tó. Bí ìyá bá dákẹ́, kí ẹ̀yin náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó dára jù máa ń jáde.

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gba ohùn rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ohùn náà lè dé ibi tó jìnnà, àti pé ẹ kò lè kó o padà bí ó bá ti jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á tán, ẹ gbé e sí i létí kí ó gbọ́. Bí ó bá ní kí ẹ yọ gbólóhùn kan kúrò, ẹ yọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan ìjà, pàápàá ìjà àgbẹ̀ àti darandaran nítorí oko tí màlúù jẹ, ẹ má ṣe gbé ohùn apá kan jáde láé. Ẹ gbọ́ ti àgbẹ̀, ẹ gbọ́ ti Fúlàní, ẹ gbọ́ ti olórí abúlé, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ gbọ́ jù. Ohun tí yóò dá sílẹ̀ kò ní kan olùgbọ́ Cotonou. Àwa tí a jọ ń lo pọ́ńpù kan náà ni yóò kàn.

Gbígba ohùn

Tẹlifóònù tó ń gba ohùn ti tó. Kí bátìrì rẹ̀ kún, kí àyè sì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa ìpè rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ fi í sí «mode avion», kí ẹnikẹ́ni má bàa pè yín láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ dì í mú ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí èémí rẹ̀ má bàa fẹ́ sínú ẹ̀rọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ibi tó ń gba ohùn.

Ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ jìnnà sí òrùlé páànù nígbà òjò. Yàrá tí ẹní, aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀ dára ju kíláàsì òfìfo lọ, nítorí ògiri òfìfo ń dá ohùn padà. Ṣùgbọ́n ẹ má pa gbogbo ariwo rẹ́. Ẹ gba ìdajì ìṣẹ́jú ohùn igi tó ń ta nínú iná, tàbí ti àáké lára igi, sọ́tọ̀. Bí ètò yín bá fi ohùn àáké bẹ̀rẹ̀, olùgbọ́ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó la ẹnu.

Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ó ń dunni púpọ̀ láti dé ilé kí a tó mọ̀ pé ẹ̀rọ kò gba ohunkóhun.

Ètò ìṣẹ́jú 10 ti tó. Kí ẹ lè rí ìṣẹ́jú 10 tó dára, ẹ ó gba bíi ìṣẹ́jú 40. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ tó dára bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ẹ sì gé ìyókù kúrò. Ohun èlò ìgéhùn ọ̀fẹ́ wà fún tẹlifóònù. Fún kọ̀ǹpútà, Audacity wà, kò sì gba owó. Bí ẹ bá ń gé e, ẹ má gé ọ̀rọ̀ ènìyàn débi tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Bí ìyá bá ní «ó dára, ṣùgbọ́n ó ń ṣòro ní ìgbà òjò», ẹ kò gbọdọ̀ gé e ní «ó dára».

Ọ̀nà tí yóò gbà dé etí àwọn ènìyàn

Mégà ń ná owó. Bí ẹ bá fi ètò ìṣẹ́jú 10 pamọ́ ní MP3 oníhò kan, ìyẹn «mono», ní kílóbíìtì 64, kò ní ju bíi mégà 5 lọ. Ní kílóbíìtì 32, ó di ìdajì rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ sì ṣì ń dún dáadáa. Ẹ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún àwọn tó ní i. Fún àwọn tí kò ní, ẹ fi Bluetooth ránṣẹ́, kò gba mégà kankan. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta orin sínú kádì ní ọjà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi ètò yín sáàárín orin, yóò dé oko tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé.

Ẹ má gbàgbé rédíò. Láti ọdún 1994 ni àwọn rédíò ìgbèríko ti ń sọ̀rọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, ní Ouaké tó wà nítòsí wa, ní Tanguiéta, Banikoara, Ouessè àti Lalo. Òfin oṣù Kẹjọ ọdún 1997 sì ṣí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ rédíò mìíràn. Ètò tí ẹ ti ṣe tán, rédíò lè gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ dá ojú ìwé sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ẹ kọ́kọ́ bi HAAC, nítorí òfin ìròyìn ti ọdún 2015 ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ìwé àṣẹ.

Ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Gánà, àjọ Literacy Bridge, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ sí àwọn abúlé tí kò ní iná mànàmáná. Talking Book ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ ẹ́, kí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa oko àti ìlera ní èdè rẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé olùgbọ́ lè gba ohùn tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, kí àwọn tó ṣe ètò lè gbọ́ ìdáhùn.

Gbígbọ́ pọ̀

Ní Kánádà, láti ọdún 1941 títí di 1965, àwọn àgbẹ̀ máa ń péjọ sí ilé ara wọn láti gbọ́ ètò rédíò tiwọn. Wọ́n ń ka ìwé kékeré kan ṣáájú, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń jíròrò, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí rédíò. Ní Nìjẹ̀r, nítòsí wa, a dá ẹgbẹ́ àwọn radio-club sílẹ̀ ní ọdún 1962. Wọ́n ń gba ohùn àwọn ará abúlé lẹ́yìn ètò, wọ́n sì ń gbé e padà sórí afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ìmọ̀wé yín. Ènìyàn 10 tàbí 15, tẹlifóònù kan nínú igbá òfìfo kí ohùn lè ròkè, ìṣẹ́jú 10 fún gbígbọ́, ìdajì wákàtí fún ọ̀rọ̀. Ẹ gba ohùn ẹni tó bá takò yín. Apá kejì ètò yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí

Ẹ pín ara yín sí méjì méjì. Kí olúkúlùkù lọ sí ilé 5, kí wọ́n sì kọ ohun tí onílé sọ sínú ìwé, ní èdè onílé. Kí ẹnì kan lọ yá ìwọ̀n káṣù. Kí ẹnì kan wá ìyá tí ààrò rẹ̀ sán rí, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá wa jókòó ní ìpàdé tó ń bọ̀. Tẹlifóònù ṣì lè dúró nínú àpò.